Àtàrí hẹ́límẹ́ẹ̀tì ọmọ mi

Àwọn òbí Yorùbá bíi tèmi pọ̀ ní Houston, ní Dallas, ní Atlanta àti ní Maryland, tí ọmọ wọn ọkùnrin ti ga jù wọ́n lọ kó tó pé ọmọ ọdún 15, tí akọ́nimọ̀ọ́gbá ilé-ẹ̀kọ́ sì ti ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kó wá gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bọ́ọ̀lù tí mò ń wí kì í ṣe èyí tí à ń fẹsẹ̀ gbá nílé. Ti Amẹ́ríkà ni, èyí tí wọ́n ń gbé sáré, tí wọ́n ń dá ara wọn lulẹ̀ nítorí ẹ̀.

Ọmọ mi ní kí n má kọ orúkọ òun. N ó máa pè é ní Àkànní, oríkì tí ìyá mi fún un. Yorùbá ni mo sì fẹ́ fi kọ ọ́, nítorí Yorùbá ni mo fi ṣe àṣìṣe mi. Èdè yìí gan-an ni mo fi ń yìn ín lórí ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí ẹ̀.

Ọdún 2003 la dé Houston, Àkànní jẹ́ ọmọ ọdún kan. Mi ò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù wọn títí ó fi wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Nígbà tó di ọmọ ọdún 15, wọ́n fi í sí ipò tí wọ́n ń pè ní safety. Ẹni tó wà níbẹ̀ ló ń dúró sẹ́yìn pátápátá. Bí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù bá ti já mọ́ gbogbo àwọn yòókù lọ́wọ́, òun nìkan ló kù. Ẹni méjì á máa sáré bọ̀ wá pàdé ara wọn pẹ̀lú gbogbo agbára tí Ọlọ́run fún wọn. Bí Àkànní bá kọlu ẹnìkejì, ẹ ó gbọ́ ọ níbi tí ẹ jókòó sí: gbàgà! Gbogbo èèyàn á dìde.

Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dìde. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Mo máa ń ya fídíò rẹ̀, mo máa ń fi ránṣẹ́ sí ẹbí lórí WhatsApp, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Ìlọrin á sì dá a padà pé, "Ọmọ Ọlálọmí!" Orí mi á wú. Bàbá mi jàkadì nígbà èwe rẹ̀, ó sì máa ń sọ fún wa pé ẹ̀yìn ẹnìkejì ni kí o fi kan ilẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọrùn ẹnìkejì kán, ìyẹn ò wá jàkadì, ó wá pànìyàn ni. Apá ibẹ̀ yẹn ni mo gbàgbé. Ìwúrí nìkan ni mo gbé dé Amẹ́ríkà.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀, mi ò ní parọ́. Mo ti ń rí i lọ́kàn mi pé yunifásítì kan máa fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Adewale Ogunleye ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún un, ọmọ Yorùbá tí ikọ̀ kankan ní NFL, líìgì àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù yìí gbowó, kò mú nígbà tí wọ́n ń ṣa agbábọ́ọ̀lù tuntun, tó sì wá di àgbà ọ̀jẹ̀ ní Miami àti Chicago. Mi ò jẹ́ kí ọmọ náà mí.

Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi. Lọ́jọ́ kan tí àyè gbà á láti bá mi lọ sí pápá, kò pàtẹ́wọ́ rárá. Ó ní, "Bàbá Àkànní, ẹ ò rí i pé orí lọmọ yìí ń fi wọlé bí àgbò?" Mo ní àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Òwe ni mo fi pa á lẹ́nu mọ́. Ó wò mí, ó yí ojú padà sí pápá, kò sì sọ nǹkan kan mọ́ títí a fi délé.

Alẹ́ ọjọ́ Ajé kan wà, ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 2017, tí n kò lè gbàgbé. Èmi àti Àkànní jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, Pittsburgh ń gbá pẹ̀lú Cincinnati. Ryan Shazier, ọmọ ikọ̀ Pittsburgh, ẹni ọdún 25, sáré wá dá ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù dúró. Ó tẹrí ba, àtàrí rẹ̀ ló fi kan ẹni náà. Kò tilẹ̀ dún púpọ̀, kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń pariwo lé lórí. Ó ṣubú, ó yí ẹ̀yìn dé ilẹ̀, ó fọwọ́ di ẹ̀yìn ìbàdí mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò sì mira mọ́. Àkànní ní, "Dádì, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò mì o." Mo ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí irú ẹ̀. Lójú mi, àdúrà yẹn ti tó. Nígbà tí Shazier fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde síwájú ọ̀pọ̀ èèyàn ní Texas níbí ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, mo ní ẹ wò ó, Ọlọ́run ti dáhùn, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ó yẹ kí n ti bi ọmọ mi lálẹ́ ọjọ́ náà pé, "Ìwọ ńkọ́, níbo lorí rẹ máa ń wà nígbà tí o bá fẹ́ dá èèyàn lulẹ̀?" Ìbéèrè kan ṣoṣo. Mi ò bi í.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2018 náà ni NFL ṣe òfin tuntun pé ẹnikẹ́ni tó bá tẹrí ba láti fi hẹ́límẹ́ẹ̀tì kan ẹlòmíràn, níbikíbi lára, ikọ̀ rẹ̀ á pàdánù yáàdì 15, wọ́n sì lè lé e kúrò lórí pápá. Ìfarapa Shazier wà lára ohun tó tì wọ́n dé ibẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹjọ, tí wọ́n ń gbá ìdíje ìmúrasílẹ̀, àsíá ìyeyè tí rẹfirí ń jù bí ẹnì kan bá rú òfin ń fò káàkiri, gbogbo wa sì ń bínú. Mo jókòó ní ilé onígbàjámọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, mo ní wọ́n ti sọ bọ́ọ̀lù di eré jẹ́lé-ó-sinmi, pé báwo lèèyàn ṣe fẹ́ dá ẹlòmíràn lulẹ̀ láìlo orí. Àkànní wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń gẹ irun rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo sọ ló gbọ́.

Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, àárọ̀ Sátidé, èmi àtòun ń mu ògì nílé ìdáná, àkàrà wà nílẹ̀. Ife bọ́ lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ògì dà sílẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ láti nù ún. Ó ń wo ọwọ́ náà bíi pé ti ẹlòmíràn ni. Mo ní kí ló dé? Ó ní lálẹ́ àná, nígbà tí òun kọlu ẹnì kan, nǹkan kan sáré láti ọrùn òun dé orí ìka bí ìgbà tí iná mànàmáná bá gbé èèyàn, ọwọ́ náà sì kú fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ó ní ìgbà kẹta nìyẹn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ fún un pé stinger ni wọ́n ń pè é, pé kò sí ẹni tí kì í ṣe.

Mo fi róòbù ra ọrùn rẹ̀. Ìyàwó mi ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́. Èmi àti ọmọ náà sì jọ fẹnu kò pé a ò ní sọ fún un, a ò sì ní sọ fún ẹni tó ń tọ́jú ìlera ikọ̀ wọn, nítorí àwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù fún yunifásítì máa wá wò ó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí ló wúwo jù lọ́rùn mi. Ọmọ ọdún 16 ni, ó lè ṣàìmọ̀. Èmi ni bàbá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí. Iná tó ń sáré láti ọrùn dé ọwọ́ yẹn kì í ṣe àárẹ̀, róòbù kò sì ràn án. Iṣan tó ti ọrùn jáde lọ sí apá ni wọ́n ti fà tàbí tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọ tó bá ṣe kò gbọdọ̀ padà sórí pápá títí agbára ọwọ́ náà yóò fi padà tán, tí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ yóò sì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá ti ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí dókítà yẹ ọrùn rẹ̀ wò dáadáa. Ọwọ́ tó kú ń sọ fún yín pé ọrùn ń gba ohun tí kò yẹ kó gbà.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kẹwàá ló ṣẹlẹ̀. Àbala kẹta eré ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin tó gbé bọ́ọ̀lù sanra ju Àkànní lọ, ó sì ń bọ̀ tààrà. Àkànní tẹrí ba. Mi ò gbọ́ gbàgà lọ́jọ́ yẹn. Ohun tí mo gbọ́ kéré, ó dún kọ́, bí ìgbà tí wọ́n fi ọmọ odó kan etí odó. Ó ṣubú ní ìdojúbolẹ̀. Ọmọkùnrin kejì dìde. Tèmi kò dìde.

Mo fo irin, mo já sórí pápá. Nígbà tí mo débẹ̀, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni kí n bọ́ hẹ́límẹ́ẹ̀tì náà kó lè mí. Mo na ọwọ́. Olùtọ́jú ikọ̀ wọn, ọmọbìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ lè má ju 26 lọ, gbá ọwọ́ mi dànù, ó sì kígbe pé kí n má fọwọ́ kàn án. Inú bí mi. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, n kò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin yẹn tó. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì àti ìhámọ́ra èjìká jọ ń gbé orí àti ọrùn dúró lójú kan náà. Bí ẹni tí kò mọ̀ bá bọ́ hẹ́límẹ́ẹ̀tì nìkan, orí á ṣubú sẹ́yìn, eegun tó ti dá lè gé mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn. Ọwọ́ mi kù díẹ̀ kó sọ ọmọ mi di arọ.

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ sórí koríko tútù, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí Àkànní mú, kò sì mira. Wọ́n jọ yí i padà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni mẹ́fà, òun ló ń ka iye. Ẹlòmíràn mú ẹ̀rọ kékeré kan tó ń tú ìdè, ó tú gbogbo èyí tó de irin iwájú hẹ́límẹ́ẹ̀tì, ó yọ irin náà, ojú ọmọ mi hàn. Ẹnì kan bọ́ bàtà rẹ̀, ó fi ìdérí bírò fa àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ láti gìgísẹ̀ dé ìka. Àkànní ń wò mí. Ó ní, "Dádì, mi ò mọ ibi tí ọwọ́ mi wà."

Kí áńbúláǹsì tó dé, ogún ìṣẹ́jú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá. Ọwọ́ ọmọbìnrin náà ń gbọ̀n nígbà tó fi í lé wọn lọ́wọ́.

Eegun karùn-ún nínú ọrùn rẹ̀ ló dá. Mùdùnmúdùn inú rẹ̀ wú, kò já. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní òru ọjọ́ náà, wọ́n fi irin pẹlẹbẹ àti ìdè so eegun méjì pọ̀. Dókítà tó ṣe é jókòó tì wá láàárọ̀, ó mú sitirọ́ọ̀ tí ìyàwó mi fi ń mu omi, irú èyí tó ṣe é tẹ̀, ó sì fi kọ́ wa ní ohun tí kò sí ẹni tó kọ́ wa rí ní gbogbo ọdún tí ọmọ náà fi gbá bọ́ọ̀lù.

Ó ní ọrùn èèyàn kì í ṣe igi gbọọrọ. Ó tẹ̀ díẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Bí èèyàn bá gbójú sókè tó sì kọlu nǹkan, títẹ̀ yẹn àti ẹran ọrùn á pín agbára náà ká, bí ìgbà tí ọrun bá rọ̀ tó sì padà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà díẹ̀, kò tilẹ̀ ní í pọ̀, ọrun náà á nà. Ó fa sitirọ́ọ̀ náà gùn, ó gbé e dúró lórí tábìlì, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti òkè. Orí ti dúró nítorí ó ti kan nǹkan. Ara ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú gbogbo eré. Ọrùn ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Sitirọ́ọ̀ náà ṣẹ́.

Mo bi í pé, hẹ́límẹ́ẹ̀tì tí a rà lówó gọbọi ńkọ́? Ó ní agbárí ni hẹ́límẹ́ẹ̀tì ń dáàbò bò, kò lè ṣe nǹkan kan fún ọrùn. Ó tilẹ̀ ń dáàbò bo agbárí débi pé orí kì í dun ọmọ náà nígbà tó bá fi kan èèyàn, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa fi orí ṣe òòlù.

Ọpọlọ náà tún wà nínú agbárí yẹn, hẹ́límẹ́ẹ̀tì kò lè ní kó má mì. Ọmọ Nàìjíríà ló la ojú ayé sí èyí. Dókítà Bennet Omalu ló yẹ òkú Mike Webster, agbábọ́ọ̀lù Pittsburgh tẹ́lẹ̀, wò níbẹ̀ ní 2002, tó sì kọ ìbàjẹ́ tó rí nínú ọpọlọ rẹ̀ jáde ní 2005. Ní 2015 ó sọ ní gbangba pé kí ọmọ tí kò tíì tó ọjọ́ orí àti dá ìpinnu ṣe má gbá bọ́ọ̀lù yìí rárá. Gbogbo àwa ọmọ Nàìjíríà tó wà níbí là ń fi orúkọ rẹ̀ yangàn. Mo ti dárúkọ rẹ̀ fún àwọn òyìnbó níbi iṣẹ́ mi àìmọye ìgbà. Mo sì ń gbé ọmọ mi lọ sí pápá ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì.

Nígbà tí Àkànní wà nínú kọ́là ọrùn, oṣù mẹ́ta gbáko, kò sí ohun tí mò ń ṣe lálẹ́ ju kí n máa kàwé. Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ohun tó ṣẹ́ ọmọ mi lọ́rùn ti di èèwọ̀ kí wọ́n tó bí i. Dókítà Joseph Torg ní Philadelphia kó àkọsílẹ̀ àwọn tí ọrùn wọn kán jọ, ó rí i pé fífi àtàrí kọlu ènìyàn ló ń fà á jù, àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù girama àti ti yunifásítì sì fòfin dè é ní 1976. Lọ́dún náà, 34 ni àwọn tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn kú pátápátá. Nígbà tó fi di 1984, wọ́n ti di 5. Òfin kan, àti akọ́nimọ̀ọ́gbá tó yí bó ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ padà nítorí òfin náà.

Ẹ gbà mí, mo jókòó lórí àga, mo sunkún. Ọdún 42 ni òfin náà ti wà nígbà tí ọmọ mi tẹrí ba. Kí ló dé tí kò gbà á?

Mo ṣí fóònù mi. Fídíò 11 ni mo ti fi ránṣẹ́ sí ẹbí. Mo wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mò ń dá wọn dúró níbi tí ara méjèèjì ti pàdé. Nínú 9, orí Àkànní wà nílẹ̀, koríko ló ń wò. Rẹfirí kò ju àsíá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nínú gbogbo wọn, ohùn mi ló ga jù.

Lẹ́yìn náà ni ilé-ẹ̀kọ́ dá àwọn ẹrù rẹ̀ padà, wọ́n fi hẹ́límẹ́ẹ̀tì náà kún un. Mo gbé e sábẹ́ iná nílé ìdáná. Iwájú rẹ̀ ń dán. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ń dán. Àtàrí rẹ̀ gan-an ló kún fún ìlà: pupa, búlúù, àwọ̀ wúrà, àwọ̀ ewé, àwọ̀ hẹ́límẹ́ẹ̀tì gbogbo ikọ̀ tí wọ́n bá gbá lọ́dún náà. Ọ̀sẹ̀ méje ni hẹ́límẹ́ẹ̀tì yẹn fi wà nínú bùútù ọkọ̀ mi láti ilé dé pápá. Ẹnikẹ́ni tó bá yí i padà ni ì bá ti rí i. Bí ọmọ yín bá ń gbá bọ́ọ̀lù yìí, ẹ máa nu hẹ́límẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ tónítóní lọ́jọ́bọ̀, kí ẹ sì wò ó láàárọ̀ Sátidé. Bí ìlà àwọ̀ bá wà lókè pátápátá, ẹ má dúró de ọwọ́ tó ń kú.

Mo lọ bá akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀. Kò bá mi jà, kò sì parọ́ fún mi. Ó ní lóòótọ́ lòun ń kọ́ wọn: kí wọ́n gbójú sókè, kí wọ́n fi èjìká wọlé, kí orí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má wà ní iwájú, kí wọ́n fi apá méjèèjì dì. Mo bi í pé ọjọ́ mélòó. Ó ní ọjọ́ méjì, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdíje ti dé, kò sí àyè mọ́. Ó wá sọ̀rọ̀ kan tí kò kúrò lọ́kàn mi. Ó ní ohun tí òun kọ́ wọn ní ọjọ́ méjì, tẹlifíṣọ̀n ń kọ́ wọn ní òdìkejì rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú.

Ìdí nìyí tí mo fi yí padà lórí ọ̀rọ̀ NFL. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí lónìí bóyá kí wọ́n fòfin de àwọn ọ̀nà eléwu tí àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ń gbowó oṣù fi ń dá ara wọn lulẹ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo wọn, láìku ẹyọ kan. Àgbàlagbà ni àwọn yẹn lóòótọ́, wọ́n mọ ohun tí wọ́n tọwọ́ bọ̀. Ọmọ tó ń wò wọ́n kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí rẹfirí bá fojú fò lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ọmọ á gbé e wá sí pápá lọ́jọ́ Ẹtì. Owó ìtanràn tí wọ́n sì ń bù lé wọn lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ọmọ kankan kì í rí ìyẹn. Àsíá ló ń rí. Kí àsíá jáde níwájú gbogbo ayé, kí wọ́n sì lé ẹni tó fi àtàrí kọlu ènìyàn kúrò lórí pápá lójú ẹsẹ̀.

Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ lòdì sí i, nítorí èmi náà ti sọ ọ́ rí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, NFL fòfin de èyí tí wọ́n ń pè ní hip-drop. Ẹni tó ń ṣe é á dì mọ́ ẹni tó ń sáré láti ẹ̀yìn tàbí láti ẹ̀gbẹ́, á gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ kúrò nílẹ̀, á yí ìbàdí, gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ á sì já lé ẹsẹ̀ ẹni náà. Kókósẹ̀ á há sábẹ́. Irú rẹ̀ ló ṣe Tony Pollard ti Dallas léṣe ní oṣù Kínní ọdún 2023, àti Mark Andrews ti Baltimore ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà. Ìṣirò NFL fúnra rẹ̀ ni pé ìfarapa inú rẹ̀ tó ìlọ́po 20 ti àwọn yòókù. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù tako òfin náà. Wọ́n ní ẹni tí òmìrán ń já mọ́ lọ́wọ́, kí ló fẹ́ ṣe, ṣé kó jọ̀wọ́ ẹ̀ ni? Wọ́n ní ojú rẹfirí kò lè dá a mọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá.

Mi ò fojú di ọ̀rọ̀ yẹn, oúnjẹ wọn ló wà níbẹ̀. Àmọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn náà ni àwọn kan sọ ní 2005 nígbà tí wọ́n fòfin de kíki ọwọ́ bọ ọrùn aṣọ ẹni láti ẹ̀yìn kí a sì fà á lulẹ̀, lẹ́yìn tí Roy Williams ti Dallas ti fi ṣẹ́ Terrell Owens lẹ́sẹ̀ ní ìparí 2004. Lónìí, ọmọ kékeré tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní àdúgbò wa mọ̀ pé ọwọ́ kì í wọ ọrùn aṣọ. Wọ́n ti kọ́ ọ̀nà mìíràn. Seattle tó gba ife Super Bowl ní oṣù Kejì ọdún 2014 gbé fídíò jáde lọ́dún náà láti kọ́ àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ìdánilulẹ̀ tí wọ́n mú láti inú rọ́gíbì, níbi tí kò sí hẹ́límẹ́ẹ̀tì lórí ẹnikẹ́ni: èjìká ni, apá ni, orí kò sí níbẹ̀. Kò sì sí ẹni tó lè pe ikọ̀ Seattle ìgbà yẹn ní ọ̀lẹ.

Bí òfin kò bá sí, ẹni tó farapa nìkan ló máa ń ru ẹrù náà. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1978, ní Oakland, nínú ìdíje ìmúrasílẹ̀ tí èsì rẹ̀ kò tilẹ̀ já mọ́ nǹkan kan, Jack Tatum kọlu Darryl Stingley tó jẹ́ ẹni ọdún 26. Àsíá kankan kò jáde, nítorí òfin ìgbà náà kò lòdì sí i. Stingley kò rìn mọ́ títí ó fi kú ní 2007.

Àkànní rìn. Ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni àtàǹpàkò ọwọ́ òsì rẹ̀ mì, ìyàwó mi ló rí i, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá náà. Àkànní ti di ẹni ọdún 20 àti mélòó kan báyìí, ó ń kọ́ iṣẹ́ fisiotẹ́rápì. Ìka méjì lọ́wọ́ òsì rẹ̀ kò lágbára títí dòní. Bó bá wọ ṣẹ́ẹ̀tì alápá gígùn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò lè dá bọ́tìnnì ọwọ́ ọ̀tún dè. Ó máa ń na ọwọ́ náà sí mi láìsọ̀rọ̀, èmi ni mo máa ń bá a dè é.

Ní ti owó: ẹ ka ìwé inṣọ́ránsì ilé-ẹ̀kọ́ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Tiwa kì í san kọ́bọ̀ títí inṣọ́ránsì ti ara wa yóò fi kọ́kọ́ san tirẹ̀, ohun tó sì kù fún wa láti san pọ̀ débi pé a ṣì ń san án. Ẹ bi akọ́nimọ̀ọ́gbá pé ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀ ló fi ń kọ́ wọn ní ìdánilulẹ̀, kì í ṣe ní oṣù Kẹjọ nìkan, títí ìdíje yóò fi parí. Ẹ bèèrè bóyá olùtọ́jú ìlera máa ń wà lórí pápá ní gbogbo ọjọ́, àti lọ́jọ́ ìgbaradì pàápàá. Bí wọ́n bá ní kò sí, ẹ mú ọmọ yín lọ sílé. Àbúrò Àkànní ń gbá èyí tí wọ́n máa ń já àsíá kúrò ní ìbàdí dípò kí wọ́n dá èèyàn lulẹ̀, èyí tó máa wọ Olympics ní Los Angeles ní 2028. Ó bá mi jà ní ọdún àkọ́kọ́. Mi ò gbà.

Ní oṣù Kẹjọ tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, ọ̀rẹ́ mi kan ṣí bùútù ọkọ̀ rẹ̀, hẹ́límẹ́ẹ̀tì ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún 14 ni ọmọ náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Kí n tó sọ nǹkan kan, Àkànní ti gbé e, ó ti yí i padà, ó ti fi àtàǹpàkò nu àtàrí rẹ̀. Ìlà pupa kan wà níbẹ̀. Ó ní, "Ta ló ni pupa yìí?" Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ máa ròyìn bó ṣe gbé ẹnì kan ṣánlẹ̀ níbi ìgbaradì. Bàbá rẹ̀ náà ti ń rẹ́rìn-ín.

Àkànní gbé hẹ́límẹ́ẹ̀tì náà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó sún sẹ́yìn bí ìṣísẹ̀ márùn-ún. Ó ní kí ọmọ náà máa wo ojú òun, kó má gbé ojú kúrò, kó máa rọra rìn bọ̀ wá di òun mú.